Ìṣísẹ̀ Méje Nínú Koríko

Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, tí òdòdó lúpìnì ti yọ sókè lẹ́bàá gbogbo ọ̀nà Port Sorley, elésè àlùkò, aláwọ̀ osùn, funfun, tí gbogbo wọn dúró gbọọrọ bí àbẹ́là nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ìgbà yẹn ni Una MacAskill fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ tó kù láàárín ilé ìdáná wọn àti òkun. Ìṣísẹ̀ mẹ́tàdínlógún ni. Nígbà tí yìnyín yọ́ ní oṣù kẹrin, mẹ́tàlélógún ni. Àwọn kan ti wá wọn ilẹ̀ náà lọ́dún èṣí, wọ́n sì ri igi pupa kan mọ́lẹ̀, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbé inú ilé tó bá wà nítòsí rẹ̀ mọ́. Òkun ti gbé igi pupa ọ̀hún fúnra rẹ̀ lọ.

Una pé ogún ọdún. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀, Ishbel, ti kú ni òun àti Murdena, ìyá àgbà rẹ̀, ti jọ ń gbé orí bèbè yẹn. Kò lọ sí ilé ìwé rí. Orí tábìlì ilé ìdáná ni ìyá àgbà ti kọ́ ọ ní ìwé kíkà àti ìṣirò, ìyókù tó mọ̀, ẹnu àwọn arúgbó ló ti gbọ́ ọ, nígbà tí wọ́n bá wá mu tíì, tí òun bá ń fọ ife wọn, tí wọ́n ti gbàgbé pé ẹnì kan wà nídìí omi. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀. Lauchie, aládùúgbò wọn tó ń fi pańpẹ́ mú edé ńláńlá lójú òkun, máa ń sọ pé lọ́jọ́ tí Una bá lè sọ gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn, òun á ta ọkọ̀ ojú omi òun, òun á fi pe gbogbo ìlú jẹun.

Ilé tí wọn ì bá kó lọ wà nílẹ̀. Lauchie ti fún wọn ní kọ́kọ́rọ́ ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ṣaláìsí, lókè pátápátá, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ariwo omi kì í dé. Láti ìgbà òtútù ni kọ́kọ́rọ́ náà ti ń bẹ lórí ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá àgbà kò fi ìka kàn án.

Bẹ́ẹ̀dì Alasdair ló fà á.

Alasdair ni ọkọ Murdena. Ó lọ wo pańpẹ́ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù karùn-ún, ọdún mọ́kànlélógójì sẹ́yìn, wọ́n rí ọkọ̀ rẹ̀, wọn kò rí òun. Ní Port Sorley, ẹni tí òkun bá gbé tí a kò rí òkú rẹ̀ sin, wọn kì í gbẹ́ ilẹ̀ fún un ní itẹ́ òkú. Ẹ̀bá bèbè ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí fún un. Ewé òkun ni wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ sísàlẹ̀, wọ́n á da erùpẹ̀ dúdú lé e, gígùn rẹ̀ á ṣe wẹ́kú gígùn ẹni tó lọ, wọ́n á wá gbin lúpìnì sórí ẹ̀. Òkúta etíkun ni wọ́n fi ń yí i ká. Àmọ́ wọn kì í dí apá tó kọjú sí òkun, torí ibẹ̀ ni onítọ̀hún máa gbà wọlé lọ́jọ́ tó bá dé.

Bó bá sì dé, ewé-etí-òkun ni wọ́n fi ń mọ̀. Ewé aláwọ̀ eérú kan ni, òdòdó rẹ̀ kéékèèké, búlúù, ó máa ń rá pálá lórí òkúta etíkun, tí èèyàn bá jẹ ẹ́ á dùn bí ẹja oníyọ̀. Kì í hù nínú koríko. Bó bá wá hù nínú koríko àgbàlá, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ìṣísẹ̀ ìṣísẹ̀, tó fi dé ẹnu ọ̀nà, ará ilé ti mọ̀ pé ẹni wọn ti wálé. Wọ́n á gbé òkúta dí apá tó ṣí sílẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ á sì parí. Una ti gbọ́ pé ó ṣẹlẹ̀ ní ìdílé méjì láyé ọjọ́un. Kò sí ẹnì kankan láàyè tó fojú ara rẹ̀ rí i.

Gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn fún ọdún mọ́kànlélógójì, ìyá àgbà fa ewé òkun gòkè láti etíkun, ó fi bọ́ bẹ́ẹ̀dì náà, lúpìnì rẹ̀ sì ga ju ti gbogbo ìlú lọ. Ewé eléérú kan kò hù. Ní báyìí, ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ló kù láàárín bẹ́ẹ̀dì náà àti ibi tí ilẹ̀ ti já.

Lauchie bẹ ìyá àgbà títí. Ó ní bí bèbè yìí bá ya, ìyá ni yóò lọ bá Alasdair, kì í ṣe Alasdair ni yóò wá bá ìyá. Ìyá àgbà dá a lóhùn pé ìyá tó bí Lauchie náà ní ẹnu bẹ́ẹ̀, pé kó mu tíì rẹ̀ kó tó tutù. Una nìkan ni ìyá àgbà fi ohùn tó yàtọ̀ dá lóhùn, nígbà tí Lauchie ti lọ.

"Tí mo bá kúrò níbí lónìí, tó wá dé lọ́la ńkọ́? Ta ló máa bá nílé?"

Láti ọjọ́ yẹn ni Una ti ń rò ó pé bí ewé-etí-òkun bá hù títí dé ẹnu ọ̀nà, ìyá àgbà á mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó.

Ọjọ́ Àìkú nìkan ni ìyá àgbà máa ń kúrò nílé, Lauchie ló ń fi ọkọ̀ gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ní Port Sorley, èèyàn kì í fi irin kan ilẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Kì í ṣe torí pásítọ̀ nìkan. Àwọn obìnrin àgbà máa ń wí lẹ́nu ife tíì wọn pé ohun téèyàn bá gbìn lọ́jọ́ ìsinmi, kì í ṣe alààyè ló gbìn ín fún. Una ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Ó rò ó síwá sẹ́yìn, ó wá mú ṣíbí onígi tí wọ́n fi ń ro oúnjẹ. Ó rò pé bí òun kò bá ti lo irin, òun kò rú òfin kankan.

Ó ní orí ń fọ́ òun. Ìyá àgbà wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbé ọwọ́ lé e níwájú orí, ó sì bá Lauchie lọ.

Kùrukùru bo etíkun lọ́jọ́ náà débi pé Una ń gbọ́ omi ṣùgbọ́n kò rí i. Ó gbé garawa, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sáàárín òkúta. Ohun tó ní lọ́kàn ni láti wú tó ogún, àmọ́ gbòǹgbò ewé náà jìn ju bó ṣe rò lọ, ọ̀pọ̀ já sí i lọ́wọ́. Méje ló rí wú pẹ̀lú gbòǹgbò. Ó gbé wọn gòkè. Ó dúró ní apá tó ṣí sílẹ̀ lára bẹ́ẹ̀dì náà, ó kẹ̀yìn sí òkun, ó wá ń rìn lọ sọ́nà ilé, ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti tẹ̀ ló ń gbin ọ̀kan sí, ọ̀tún, òsì, ọ̀tún, òsì. Ó bá wọn débi igi láílákì tó wà láàárín àgbàlá, ibẹ̀ ni wọ́n tán sí. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òun á wú ìyókù lọ́la. Bó ṣe ń gbọ́ ìró ọkọ̀ Lauchie lójú ọ̀nà, ó sáré wọlé, ó fọ ṣíbí náà, ó gbé e padà síbi tó wà.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kùrukùru náà kò tíì ká. Una mú garawa àti ṣíbí rẹ̀, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde. Ó kọ́kọ́ yẹ àwọn tó gbìn wò. Méjèèje ti rọ díẹ̀, bí ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ṣe máa ń rọ. Ó kọjá igi láílákì, ó sì dúró.

Ìkẹjọ wà níwájú rẹ̀.

Ó rò pé òun ló ṣì í kà. Ó padà sí bẹ́ẹ̀dì, ó tún un kà bọ̀. Méje dé ìdí láílákì. Mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀. Mẹ́rin yìí kò rọ. Wọ́n tutù yọ̀yọ̀, òdòdó wọn ti là, ìrì wà lára wọn, koríko tó yí wọn ká kò sì fi hàn pé ẹnì kan tú u. Una na ẹsẹ̀ láti orí ọ̀kan sí èkejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tó o. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fa ọ̀kan. Kò mì. Ó fa á pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń fa okùn tí ẹlòmíì dì mú nísàlẹ̀. Ó fi í sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń run ìdọ̀tí inú òkun, bó ṣe fọ ọ́ tó ní ìdí omi, òórùn náà kò lọ.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó se pòtétò àti ẹja oníyọ̀ lọ́sàn-án, kò lè jẹ ẹ́. Ìyá àgbà jẹ tirẹ̀ tán, ó ń wo ojú fèrèsé, ó ní kùrukùru yìí mà pẹ́ nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n ti di mẹ́rìnlá. Ohun tó wá ba Una lẹ́rù jù ni ibi tí wọ́n kọrí sí. Wọ́n dé iwájú ilẹ̀kùn ilé ìdáná, ó ku bíi gígùn apá kan kí wọ́n kan àtẹ̀gùn, wọ́n sì gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n yípo àgbá omi òjò, wọ́n ṣẹ́ kọ́nà lọ sí ẹ̀gbẹ́ ilé tí oòrùn kì í dé. Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn. Fèrèsé yàrá Una ni.

Lọ́jọ́rú, ọ̀kan ti wà lábẹ́ fèrèsé náà gan-an, láàárín àwọn òdòdó tí Ishbel gbìn síbẹ̀ kó tó kú. Una kò wò ó pẹ́. Ó wọlé, ó lọ bomi rin òdòdó pupa tó wà nínú ìkòkò lójú fèrèsé, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ń wá nǹkan ṣe. Nínú ìkòkò náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi òdòdó pupa, ewé kékeré kan ti yọ orí. Eérú ni àwọ̀ rẹ̀. Fèrèsé wà ní títì láti ìrọ̀lẹ́ àná.

Ó rọra gbé ife omi sílẹ̀. Ó lọ sí ilé ìdáná, níbi tí ìyá àgbà ti ń bó pòtétò.

"Ìyá àgbà, mo ṣe nǹkan kan."

"Mo mọ̀," ni ìyá àgbà wí, kò gbójú sókè. "Àtọjọ́ Ajé ni mo ti mọ̀. Ìgbà tó o máa sọ ọ́ ni mò ń retí."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó ní kí Una mú òun jáde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà ń fi orí ọ̀pá kan ewé náà níkọ̀ọ̀kan.

"Èyí, ìwọ ni. Èyí, ìwọ ni. Èyí náà, ìwọ ni. Wò ó bí wọ́n ṣe sún mọ́ra. Ọkọ mi kì í wọ ilé kankan láìtẹ orí ba. Ṣé o rò pé á máa rìn bíi pẹ́pẹ́yẹ ni?"

Una fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò wá. Wọ́n dé ìdí láílákì, wọ́n kọjá rẹ̀. Ọ̀pá ìyá àgbà dúró sójú kan. Ó wo ìkẹjọ, ó wo ìkẹsàn-án, ó bẹ̀rẹ̀ wálẹ̀ débi tí Una fi di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ìkẹjọ nà gbọnrangandan. Ìkẹsàn-án ṣẹ́ orí sí ẹ̀gbẹ́, bí ẹsẹ̀ tó ya síta. Ìkẹwàá nà. Ìkọkànlá ya síta.

"Ta ló sọ fún ẹ nípa ẹsẹ̀ òsì ẹ̀?"

"Ẹsẹ̀ òsì ta ni, Ìyá àgbà?"

Ìyá àgbà sọ pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa okùn pańpẹ́ ló ṣẹ́ ẹsẹ̀ òsì Alasdair, ọdún kan kó tó lọ, kò sì tò dáadáa. Alasdair kì í fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni. Òun náà kò sì sọ ọ́, kódà fún Ishbel tó jẹ́ ọmọ tó bí.

Wọ́n ń tẹ̀lé e lọ, ó di iwájú ilé ìdáná. Ìyá àgbà dúró síbi tí ewé náà ti gba iwájú àtẹ̀gùn kọjá. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́. Ilẹ̀kùn yìí ni kò tì fún ọdún mọ́kànlélógójì.

"Kò yà síbí," ló wí.

Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ fèrèsé, Una sọ nípa ewé tó yọ nínú ìkòkò yàrá rẹ̀. Ìyá àgbà bi í pé ọjọ́ wo ló gbin méje àkọ́kọ́.

"Ọjọ́ Àìkú, nígbà tẹ́ ẹ wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àmọ́ mi ò lo irin. Ṣíbí onígi ni mo lò."

"Ṣíbí onígi." Ìyá àgbà mi orí. "Gbogbo bó o ṣe ń fọ ife nídìí ibẹ̀ yẹn, ìdajì ọ̀rọ̀ lò ń gbọ́. Ẹni tó bá pe àwọn tí òkun gbé ni wọ́n ń dá lóhùn, Una. Ìwọ lo pè é. Ibikíbi tó o bá lọ báyìí, á máa tẹ̀lé ẹ ni, á sì máa sún mọ́ ẹ."

"Mo fẹ́ kẹ́ ẹ lè kúrò níbí ni. Ilẹ̀ ń tán lọ."

"Mo mọ ohun tó o fẹ́."

Ó ní kí Una yí àpótí ẹja tó wà nídìí àgbá dé sílẹ̀ fún òun lábẹ́ fèrèsé. Ó jókòó lé e. Ó ní kó wọlé, kó mú kọ́kọ́rọ́ lórí ìṣó, kó máa di ẹrù àwọn méjèèjì, kó má jáde títí òun á fi pè é.

Una ń di ẹrù nínú yàrá rẹ̀, kò jẹ́ kí ojú rẹ̀ kan ìkòkò náà. Kùrukùru ti dì mọ́ gíláàsì. Ẹ̀yìn orí ìyá àgbà nìkan ló ń rí, gèlè irun àgùntàn tó fi wé orí, àti ọwọ́ rẹ̀ tó gbé lé ewé tó wà nílẹ̀. Ìyá àgbà ń sọ̀rọ̀. Èdè àtijọ́ ló ń sọ, èyí tó kù sẹ́nu àwọn arúgbó nìkan, èyí tí Una gbọ́ dáadáa ju bí àwọn fúnra wọn ṣe rò lọ.

"Ọmọ Ishbel ni. Wọn ò tíì bí i nígbà tó o lọ. Kò mọ̀ ẹ́, ìwọ náà ò mọ̀ ọ́n. Torí tèmi ló ṣe pè ẹ́, ọmọdé ló ń ṣe é, má gbà á sí ìbínú." Ohùn rẹ̀ wá lọ sílẹ̀ gan-an. "Èmi lo rí nílé ìdáná yẹn, Alasdair. Mo darúgbó ni. Ìyẹn ni o ò ṣe dá mi mọ̀."

Lẹ́yìn náà, kò sí ìró kankan níta, kódà ti omi. Una rí i tí ìyá àgbà yí ojú rẹ̀ sí òsì, tó gbé e sókè, bí obìnrin ṣe ń wo ẹni tó ga jù ú lọ kí onítọ̀hún lè rí ojú rẹ̀ dáadáa. Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tún gèlè rẹ̀ ṣe.

Ìgbà tí Una bojú wo ìkòkò, òdòdó pupa nìkan ló wà nínú rẹ̀. Erùpẹ̀ rẹ̀ tutù, iyanrìn òkun díẹ̀ sì wà lórí rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́bọ̀, Lauchie gbé ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dé. Ó ti ń bọ̀ pẹ̀lú àwàdà lẹ́nu, pé òun rò pé òun á kú ṣáájú kí ìyá yìí tó gbà. Ìyá àgbà ní kó bá òun gbé òkúta méjì láti etíkun, kó fi dí apá bẹ́ẹ̀dì tó kọjú sí òkun. Lauchie wo ojú ìyá àgbà, ó wo inú koríko. Ó ṣí fìlà rẹ̀. Òkúta mẹ́ta ló lọ gbé, ó tò wọ́n dáadáa.

Una fi ṣọ́bìrì wú lúpìnì mẹ́fà lára bẹ́ẹ̀dì náà sínú garawa. Ó kó wọn sẹ́yìn ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù.

Ìyá àgbà jáde gbẹ̀yìn. Kò mú ọ̀pá. Una fẹ́ di apá rẹ̀ mú, ó ní rárá. Ó ń bọ̀ láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, díẹ̀díẹ̀, apá òsì rẹ̀ ká sókè bí ìgbà tí èèyàn bá kọ́ apá mọ́ apá ẹlòmíì, ó sì ń dúró díẹ̀ lẹ́yìn ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, bí ẹni tó ń dúró de ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn ni. Lauchie ti ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀. Nígbà tí ìyá àgbà gòkè tán, kò tì í. Ó dì í mú ní ṣíṣí, ó ń wo ilẹ̀, bí ẹni tó ń dúró kí ẹlòmíì wọlé, títí ìyá àgbà fi mi orí sí i. Ó wá tì í pẹ̀lẹ́.

Àga iwájú ọkọ̀ náà ń gba ẹni mẹ́ta. Una yípo lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì kó lè wọlé láàárín wọn, bó ti máa ń ṣe.

"Lọ jókòó sẹ́yìn, ọmọ mi," ni ìyá àgbà wí. "Ibí ti kún."

Una gun ẹ̀yìn, ó jókòó sáàárín lúpìnì. Láti ibẹ̀, ó rí àgbàlá náà tán. Ewé méje tó gbìn wà níbẹ̀, wọ́n ti gbẹ, wọ́n ti di dúdú. Láti ìdí láílákì dé ilé, koríko lásán ni. Ó wo inú ọkọ̀ nípasẹ̀ gíláàsì ẹ̀yìn. Ìyá àgbà fara ti fèrèsé tirẹ̀, Lauchie fún ara rẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ọ̀hún débi pé ọwọ́ kan ló fi ń wakọ̀, àyè tó wà láàárín wọn fẹ̀ tó ọkùnrin sígbọnlẹ̀ kan. Aṣọ àga tó wà níbẹ̀ ti tutù.

Ọkọ̀ gbéra. Ọ̀nà òkè yẹn kún fún kòtò, Lauchie sì mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ, àmọ́ ẹ̀rù ti gba ojú rẹ̀ lọ. Una na ọwọ́, ó kan gíláàsì, ó sì gbé ohùn sókè.

"Bọ̀ọ̀dá Lauchie, ẹ rọra. Ẹsẹ̀ ń dùn ún. Ẹ yà fún kòtò iwájú yẹn."

Gbólóhùn mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn ni, àmọ́ Lauchie kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó yà fún kòtò náà.